Kí ló ń sọ ẹyọ owó fàdákà àtijọ́ di ohun tí àwọn olùkójọ ń dù?

Ajogúnbá kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin àgbà inú ìjíròrò yìí, mo kí yín o. Àpótí kékeré kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti inú ogún ẹbí wa, owó fàdákà àtijọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà tí wọ́n ya orí obìnrin sí lójú kan, tí wọ́n sì ya ẹyẹ idì sí lójú kejì. Ọdún tó wà lára wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1881 títí dé 1921. Ọ̀kan tún wà tó fẹ̀ jù wọ́n lọ díẹ̀, tí orí ayaba kan wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 1780.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé nígbà tí mo wo iye tí wọ́n ti ta irú wọn ní gbàǹjo, mo rí i pé dọ́là méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí fàdákà inú wọn dọ́gba, tí ọdún tó wà láàárín wọn kò sì pọ̀, lè jìnnà síra wọn débi pé iye ọ̀kan yóò jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún iye ìkejì. Ti 1780, tó yẹ kó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n ń du ara wọn lé lórí. Kí gan-an ni àwọn olùkójọ ń wò? Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá kí n fọ dúdú tó bò wọ́n kí n tó gbé wọn han ẹnikẹ́ni.

Àgbà Olùkójọ fèsì pé:

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó dáhùn ìyókù, ẹ má fọ̀ wọ́n. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ wọ́n, ẹ má tilẹ̀ fi aṣọ nù wọ́n. Màá padà sórí ìdí rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, òun ni ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń lọ sí, síbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára. Owó fàdákà àwọn ará Róòmù ìgbàanì wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 1,800 ọdún, tí ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ṣì lè rà, nítorí pé owó tí wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn ọmọ ogun ni, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn èèyàn rì í mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò nígbà ogun, wọn kò padà wá hú u, àwọn tó ń roko lẹ́yìn ọ̀rúndún mélòó kan ló sì ń hú u jáde títí di òní. Ẹ wá fi ìyẹn wé dọ́là 1893 tí wọ́n tẹ̀ ní San Francisco, tí kò tíì pé 150 ọdún, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ olùkójọ ń wá títí tí wọ́n fi dàgbà láìrí rà.

Ti ọdún 1780 tí ẹ mẹ́nu bà jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára gan-an. Orí Maria Theresa ti ilẹ̀ Austria ló wà lára rẹ̀. Ọdún 1780 náà ló kú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tó wà yí ká Òkun Pupa, ní Etiópíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, ti gbẹ́kẹ̀ lé owó rẹ̀ débi pé wọn kì í fẹ́ gba òmíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ pẹ̀lú ọdún 1780 kan náà lára rẹ̀, ní Vienna, ní London, ní Róòmù, ní Paris, àní ní Bombay pàápàá, títí wọ ọ̀rúndún ogún. Ọdún tó wà lára owó kì í fi gbogbo ìgbà sọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí ayaba náà ṣì wà láàyè yàtọ̀, wọ́n sì níye lórí ní tiwọn, ṣùgbọ́n àmì kéékèèké ni a fi ń dá wọn mọ̀, kì í ṣe ọdún náà.

Alágbẹ̀dẹ Fàdákà fèsì pé:

Mo gbà pẹ̀lú Àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irin náà fúnra rẹ̀, torí pé òun ni ìpìlẹ̀ tí iye owó náà kì í sábà wálẹ̀ kọjá. Dọ́là tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn wọn gíráàmù 26.73; ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ fàdákà, bàbà ni ìyókù. Fàdákà gidi inú rẹ̀ wá jẹ́ bíi gíráàmù 24. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta gíráàmù fàdákà kan lọ́jọ́ náà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí iye tí ẹni tó fẹ́ yọ́ ọ nínú iná yóò kà á sí. Ti Maria Theresa wọn gíráàmù 28.07, fàdákà inú rẹ̀ sì jẹ́ 833 nínú 1,000, nítorí náà ó fẹ̀ jù ú lọ, ó wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n fàdákà inú rẹ̀ kò ju tìkejì lọ bí ojú ṣe lè rò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé gbogbo owó funfun àtijọ́ ló jẹ́ fàdákà. Owó funfun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fàdákà 925 nínú 1,000 títí di 1920. Ní ọdún náà ni wọ́n sọ ọ́ di 500, nígbà tó sì di 1947, wọ́n yọ fàdákà kúrò pátápátá, wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn owó kéékèèké tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ jẹ́ fàdákà ìdá 90 títí di èyí tí wọ́n kọ 1964 sí lára. Ààbọ̀ dọ́là nìkan ló ṣì ní ìdá 40 láti 1965 sí 1970. Ẹni tí kò mọ àwọn ọdún ìyípadà yìí lè fi iye fàdákà ra níkẹ́ẹ̀lì.

Iye fàdákà náà sì ń ṣe ohun mìíràn tí a kì í sọ púpọ̀. Nígbà tí fàdákà gun òkè fíofío ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980, tí áúnsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 dọ́là, àìlóǹkà owó àtijọ́ ló wọ inú iná. Kò sí ẹni tó mú gíláàsì wo ọ̀pọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó yọ́ wọn.

Àgbà Olùkójọ fèsì pé:

Ìyẹn mú wa dé orí ohun tó ju irin lọ, èyí tí í ṣe iye tí wọ́n tẹ̀. Ẹ yí àwọn dọ́là yín padà sójú tí idì wà. Lábẹ́ ọ̀já tí wọ́n fi so ewé tó yí ẹyẹ náà ká, lókè ọ̀rọ̀ DOLLAR, ẹ wò ó bóyá lẹ́tà kékeré wà níbẹ̀. S túmọ̀ sí San Francisco, O sí New Orleans, CC sí Carson City, D sí Denver. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, Philadelphia ni. Ilé ìrọwó kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó tẹ̀ lọ́dọọdún. Ti Philadelphia lọ́dún 1921 jẹ́ 44,690,000. Ti San Francisco lọ́dún 1893 jẹ́ 100,000 péré. Lẹ́tà kékeré yẹn ló fà á tí iye àwọn méjèèjì fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀.

Afẹ̀sọ̀ṣe fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n ta ko èyí díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Iye tí wọ́n tẹ̀ wà nínú ìwé ilé ìrọwó, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé ni olùkójọ ti ń ra owó. Ohun tó ṣe kókó ni iye tó ṣẹ́kù sí ayé, mélòó nínú rẹ̀ ló sì ṣì dára. Ìtàn dọ́là yìí kan náà ló fi hàn bẹ́ẹ̀ jù.

Òfin kan tí wọ́n ń pè ní òfin Pittman jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1918, wọ́n sì yọ́ dọ́là fàdákà tó lé ní 270 mílíọ̀nù láti inú àpò tí wọ́n tò sí Ilé Ìṣúra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ta èyí tó pọ̀ jù nínú fàdákà náà fún, torí pé Íńdíà nílò rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọdún tàbí ilé ìrọwó tí àwọn tí wọ́n yọ́ ti wá sílẹ̀. Òfin náà pàṣẹ pé kí wọ́n tún tẹ òmíràn rọ́pò, ìdí nìyẹn tí ti 1921 fi pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn tí wọn kò ti tẹ irú rẹ̀ láti 1904. Láti ọjọ́ náà lọ, iye tí wọ́n tẹ̀ kò lè sọ gbogbo òtítọ́ fún wa mọ́.

Ẹ wo ti 1903 láti New Orleans. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí èyí tí wọn kò tíì ná, gbogbo èèyàn sì gbà pé iná ti jẹ ẹ́ tán. Ó wà lára àwọn dọ́là tó gbówó lórí jù lọ nígbà náà. Nígbà tó di ìparí ọdún 1962, Ilé Ìṣúra ṣí àwọn àpò kan tó ti wà ní ìpamọ́ láti ìgbà pípẹ́, òun ni wọ́n sì bá nínú wọn, tuntun ló rí. Iye rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Owó náà kò yí padà, iye tí wọ́n tẹ̀ kò yí padà. Iye tí ayé mọ̀ pé ó ṣẹ́kù ló yí padà.

Ti 1884 láti Carson City tún nìyí: 1,136,000 ni wọ́n tẹ̀, ṣùgbọ́n ó lé ní 960,000 nínú rẹ̀ tó ṣì wà ní Ilé Ìṣúra láìfọwọ́kàn nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n fún ará ìlú ní àwọn ọdún 1970. Àbájáde rẹ̀ ni pé èyí tí wọn kò ná rí wọ́pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti ná lọ. Ti 1889 láti ilé ìrọwó kan náà jẹ́ 350,000, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì bọ́ sínú àpò tí wọ́n pa mọ́. Ìyẹn ni àwọn olùkójọ ń sún mọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìwé ilé ìrọwó tilẹ̀ sọ pé Philadelphia tẹ 12,000 dọ́là lọ́dún 1895 fún nínáwó, ṣùgbọ́n àwọn 880 tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ fún àwọn olùkójọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí wọ́n dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, nìkan ni a mọ̀.

Àgbà Olùkójọ fèsì pé:

Mo gba ti Afẹ̀sọ̀ṣe wọlé, ó sì mú kí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e rọrùn. Bí a bá ní ká bèèrè mélòó ló ṣẹ́kù, ìbéèrè tó kàn ni pé mélòó ló ṣẹ́kù *ní ipò yìí*. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jù lónìí bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 70. Olùkójọ kan tó ń jẹ́ William Sheldon ló gbé e jáde lọ́dún 1949 fún owó bàbà ńlá ti Amẹ́ríkà, ó sì tàn ká dé orí owó fàdákà. Láti 60 lọ sókè ni èyí tí kò wọ ọjà rí. Ohun tó ń ya àwọn aláìmọ̀ lẹ́nu ni pé láàárín 64 àti 66, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ wọn, iye lè fò sókè gidigidi, torí pé níbẹ̀ ni iye tó ṣẹ́kù ti ń dínkù jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ti ń wò ó. Ẹ di etí owó náà mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ dúró lábẹ́ iná kan ṣoṣo, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ná an tí wọn kò sì fọ̀ ọ́ rí, ẹ ó rí i tí ìmọ́lẹ̀ náà ń yí bírí lójú rẹ̀ bí ọ̀pá inú àgbá kẹ̀kẹ́. Bí òǹtẹ̀ bá ti já lu fàdákà, irin náà a sáré láti àárín lọ sí etí, a sì fi àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí sílẹ̀. Àwọn ìlà yẹn ló ń mú ìmọ́lẹ̀ náà yí. Ẹ wá wo irun obìnrin náà níbi tó ti bo òkè etí, kí ẹ sì wo àyà ẹyẹ idì. Ibẹ̀ ló ga jù, ibẹ̀ ni ọwọ́ àti àpò ti kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: àwọn ti New Orleans sábà máa ń fẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, nítorí pé òǹtẹ̀ kò já lé wọn dáadáa. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yí lórí rẹ̀, àìtẹ̀-jinlẹ̀ ni, kì í ṣe jíjẹ.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má fọ̀ ọ́ wá hàn kedere báyìí. Bí ẹ bá fi ohunkóhun ha ojú rẹ̀, àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín yẹn ni ẹ ń ha lọ, kò sì sí ọ̀nà kankan tí wọ́n fi lè padà. Owó náà yóò dán, ṣùgbọ́n dídán tí kò ní ẹ̀mí ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò sì rí ìlà aṣọ tàbí búrọ́ṣì lójú rẹ̀. Ti dúdú náà kò yẹ kó bà yín lẹ́rù. Imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú bébà àti nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e ló bá fàdákà lò. Nígbà mìíràn, ó máa ń di àwọ̀ wúrà, àwọ̀ aró àti pupa tó rọra wọ inú ara wọn láti etí lọ sí àárín, àwọn olùkójọ kan sì ń san owó gọbọi lé irú rẹ̀ lórí.

Ojúlówó fèsì pé:

Àwọn kan sì ń fi kẹ́míkà àti iná ṣe àwọ̀ yẹn ní ọ̀sán kan, nítorí náà kí a sọ̀rọ̀ lórí ayédèrú, torí pé gbogbo ohun tí ẹ ti sọ kò ní ìtumọ̀ bí owó náà kì í bá ṣe gidi.

Oríṣi ayédèrú méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi irin mìíràn ṣe. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ wọn ìbú rẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 38.1, ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, torí pé òòfà kì í fa fàdákà. Bó bá fà á, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá fà á, ìyẹn nìkan kò tíì fi hàn pé fàdákà ni, nítorí òòfà kì í fa bàbà tàbí òjé náà.

Oríṣi kejì ló burú jù, torí pé owó gidi ni. Ẹnì kan yóò mú dọ́là 1893 ti Philadelphia, tó jẹ́ fàdákà pípé, yóò sì lẹ lẹ́tà S kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ pé, òòfà kò rí nǹkan fà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé gíláàsì sórí ọ̀rọ̀ LIBERTY tó wà lórí adé obìnrin náà: nínú òkè lẹ́tà T, ìlà kékeré kan tó yọ sókè wà níbẹ̀ lára ojúlówó 1893 ti San Francisco, torí pé òǹtẹ̀ tí wọ́n lò fún iwájú rẹ̀ ló ní ìlà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú owó báyìí láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìyẹ̀wò kan tí ọjà gbà ti fi í sínú àpótí ike tí wọ́n dí pa, tí wọ́n sì kọ ipò rẹ̀ síta, ń fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, PCGS bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, NGC lọ́dún 1987, láti ìgbà náà ni ọjà owó olówó ńlá ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí.

Ajogúnbá fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wo wọn lábẹ́ iná bí ẹ ti wí. Ọ̀pọ̀ jẹ́ 1921 tí kò ní lẹ́tà, wọ́n sì ti jẹ púpọ̀. Ọ̀kan jẹ́ 1881 pẹ̀lú S. Ìmọ́lẹ̀ ń yí lójú rẹ̀ gan-an, ó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ ní etí, ṣùgbọ́n ó ní àpá kéékèèké ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Ọ̀kan tún jẹ́ 1889 pẹ̀lú CC. Irun orí rẹ̀ ti tẹ́ pátápátá, ojú rẹ̀ kò dán, àwọ̀ eérú ló ní. Ìbéèrè mi ni pé èwo ni kí n fi ọkàn sí? Ojú mi ń lọ sí ti 1881.

Afẹ̀sọ̀ṣe fèsì pé:

Mo mọ ìdí tí ojú yín fi lọ síbẹ̀, ó sì dára láti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n San Francisco tẹ 12,760,000 lọ́dún 1881, wọ́n tẹ̀ wọ́n dáadáa, àpò tó kún fún wọn sì ṣẹ́kù. Àwọn tó rẹwà ju tiyín lọ wọ́pọ̀. Àwọn àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn wá láti inú àpò ẹgbẹ̀rún kan tí àwọn owó náà ti ń gbún ara wọn. Ti 1889 CC ni kí ẹ gbé sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ ti gbó, torí pé ẹni tó ń gbìyànjú láti kó gbogbo ọdún àti gbogbo ilé ìrọwó pé kò lè fò ó kọjá. Ẹ tún kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó dọ́là yìí jọ. Owó kan lè ṣọ̀wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ní ilẹ̀ kan tí àwọn tó ń kó owó rẹ̀ jọ kò tó nǹkan, kí iye rẹ̀ má sì tó ìdajì tirẹ̀. Dọ́là 1794 kan wà tí wọ́n tà ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là ní gbàǹjo lọ́dún 2013. Àwọn dọ́là 1794 mìíràn wà tí iye wọn kò sún mọ́ ìyẹn rárá. Ipò tí èyí wà, àti bí òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣì mú, ló gbé e lékè ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn olówó méjì ó kéré tán sì fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan náà.

Ojúlówó fèsì pé:

Torí pé CC jẹ́ èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ owó mìíràn, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yọ̀. Bó bá pé gíráàmù 26 àti díẹ̀ lé, ìyẹn bójú mu fún èyí tó ti jẹ. Ẹ fi gíláàsì wo ìdí lẹ́tà méjèèjì: bí wọ́n bá ti inú owó náà jáde bí gbogbo lẹ́tà yòókù, láìsí ìlà tàbí àwọ̀ tó yàtọ̀ yí wọn ká, ẹ fi ránṣẹ́ fún ìyẹ̀wò.

Ajogúnbá fèsì pé:

Gíráàmù 26.2 ni. N kò rí ìlà kankan yí lẹ́tà náà ká. Inú ọ̀rá pẹlẹbẹ tó rọ̀ ni wọ́n wà látọjọ́ yìí, nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń lẹ̀ sì wà lójú méjì nínú àwọn 1921. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n ń fẹ́?

Àgbà Olùkójọ fèsì pé:

Rárá o, ìyẹn kì í ṣe àwọ̀. PVC, ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá rírọ̀ yẹn, ló ń tu omi ara rẹ̀ jáde, ó sì ń jẹ fàdákà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn kúrò nínú rẹ̀ lónìí, pàápàá 1889 àti 1881. Fún àwọn méjì tó ti ní nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn nìkan, ẹ rì wọ́n sínú ásétóònù gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n pò mọ́ òórùn dídùn fún pípa ọ̀dà èékánná rẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa tí kò sì sí iná nítòsí. Ásétóònù kì í kan fàdákà, ọ̀rá náà nìkan ló ń tú. Ẹ má fi ọwọ́ pa wọ́n, ẹ má fi òwú nù wọ́n. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike líle tí kò ní PVC, ibi gbígbẹ ni kí ẹ sì tò wọ́n sí. Tí èsì ìyẹ̀wò 1889 náà bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún wa.